Nígbà Tí Wọ́n Ní Àwọn Fẹ́ Da Apakòkòrò Sómi Wa

Mi ò ní sùúrù fún ẹni tó bá sọ létí mi pé àìmọ̀kan ló ń pa àwọn ará oko. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, àwọn tó ń bu omi ẹ̀rọ mu, tí bàbá tó bí bàbá wọn sì mu omi odò títí ó fi kú. Ohun tí ojú mi rí ní abúlé kòkó kan láàárín Elegbeka àti Afo, ní ìparí àwọn ọdún 1980, kò jẹ́ kí n lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ láé. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan tí a túmọ̀ láìronú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí odindi abúlé kọ ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ náà ni “kòkòrò.”

Mo ti gboyè ní yunifásítì nígbà náà, mo sì ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ọ̀wọ̀. Bí Sátidé bá ti dé, mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé àbúrò ìyá mi obìnrin. Ìyá mi kékeré ni mo ń pè é, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti máa ń lo ìsinmi nígbà tí mo wà léwe. Òun ní tirẹ̀ kò pe orúkọ mi mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti gboyè. “Yunifásítì” ló ń pè mí, ohùn tó sì fi ń pè é ni ohùn tí a fi ń lé ewúrẹ́ tó ṣì wọ oko olóko.

Opó ni. Oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fi ta á lọ́rẹ, bí kò ṣe pé ó ń ro ó, ó ń ká a, kò sì sí ẹni tó lè dúró níwájú ènìyàn kó ní obìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tó oko í ní. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, sòbìà yọ sí i ní ọrùn ẹsẹ̀, gẹ́lẹ́ nígbà tí kòkó pọ́n.

Ẹni tí kò bá mọ sòbìà, kí ó dúpẹ́. Aràn ni. Ó funfun bí òwú ìránṣọ, ó sì gùn ju apá àgbàlagbà lọ. Inú ẹran ara ló ń gbà kọjá títí yóò fi dé ẹsẹ̀. Ibẹ̀ yóò wú, yóò ta roro, yóò gbóná bí ẹni tó tẹ ẹyin iná mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò bẹ́, orí aràn náà yóò sì yọjú. A kì í fà á jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí bí ó bá já sínú, ẹsẹ̀ náà lè bàjẹ́ pátápátá. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń ká a mọ́, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, ẹni tó ní ẹsẹ̀ yóò sì wà ní ìjókòó.

Bí ìyá mi kékeré ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí, ìkórè ń lọ. Ó sọ fún mi pé láti ibi tí òun wà, òun ń gbọ́ ìró eyín ọ̀kẹ́rẹ́ lára kòkó òun. Èyí tí ọ̀kẹ́rẹ́ kò jẹ dúdú lórí igi. Nígbà tó yá, àbúrò ọkọ rẹ̀ wá kí i. Ó jókòó pẹ́, ó wo ẹsẹ̀ náà, ó wo ojú ọ̀run, ó ní àánú ṣe òun púpọ̀, ṣùgbọ́n oko kì í ṣe ohun tí à ń fi àánú ní. Bí ó bá tún jókòó báyìí ní ìkórè tó ń bọ̀, ó ní ẹbí yóò gbé oko náà fún ẹni tó lẹ́sẹ̀.

Kí ni àwọn ará abúlé mọ̀ nípa sòbìà? Wọ́n mọ bí a ṣe ń ká a. Wọ́n mọ ìgbà tó ń yọ. Ṣùgbọ́n ní ti ibi tó ti ń wá, ìgbàgbọ́ wọn ni pé ó wà nínú gbogbo ènìyàn láti inú ìyá rẹ̀ wá, bí iṣan ti wà, bí ẹ̀jẹ̀ ti wà. Ó kàn ń sùn ni. Iṣẹ́ àṣekára lè jí i, ọjọ́ ogbó lè jí i, ìrì òwúrọ̀ lè jí i. Mo bi ìyá mi kékeré léèrè pé kí ló dé tí kò fi mú èmi tí mo ń gbé Ọ̀wọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀.

“Tìẹ ń sùn ni,” ó ní. “Kí ló fẹ́ jí i? Ṣé bírò tí ò ń gbé ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ kò ṣeé bá ṣẹjọ́. Ẹni tí sòbìà bá mú, tirẹ̀ ti jí. Ẹni tí kò bá mú, tirẹ̀ ṣì ń sùn. Àlàyé tó bá ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ mu, tó sì tún bá ohun gbogbo tí kò ṣẹlẹ̀ mu, kì í ṣe ìmọ̀. Ìrọ̀rí ni. Orí ló ń gbà, kì í gba ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí òyìnbó má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, kí ọmọ Yorùbá tó ka ìwé òyìnbó má sì bá a fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Èmi náà ti ka ìwé náà, mo sì kà á dé ìdí. Àwọn baba ńlá òyìnbó gbà fún ọ̀pọ̀ ìran pé òórùn burúkú ló ń mú àìsàn wá. Orúkọ tí wọ́n fún ibà, tí wọ́n ṣì ń pè é títí dòní, “afẹ́fẹ́ burúkú” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn oníṣègùn wọn a máa fi ọwọ́ tí wọ́n fi la òkú gbẹ̀bí fún aboyún láìfọ̀ ọ́, àwọn aboyún a sì máa kú. Nígbà tí ẹnìkan láàárín wọn ní kí wọ́n fọwọ́, wọ́n bínú sí i, wọ́n ní ọmọlúàbí làwọn, ọwọ́ àwọn kò lè dọ̀tí. Àwọn ọ̀mọ̀wé nìyẹn o, tí wọ́n ní gbọ̀ngàn, tí wọ́n ní aṣọ oyè. Ìgbà tí wọ́n gbé awò sójú, tí wọ́n rí ẹ̀dá wẹ́wẹ́ nínú omi àti nínú ẹ̀jẹ̀, ìgbà náà gan-an ni wọ́n tún fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn kí wọ́n tó gbà pé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn. Kò sí ìran tí a bí ìmọ̀ yìí mọ́.

Àwọn kan sì tún wà ní apá kejì tí mo fi inú kan náà bínú sí: àwọn tó ń sọ pé kò sí ohun tí àwọn baba wa kò mọ̀. Irọ́ ni. Àwọn baba wa mọ̀ pé nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná, tí ara àwọn ènìyàn ń bẹ́, a kì í wọ ilé aláìsàn, a kì í fi aṣọ rẹ̀ bora. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìbínú ẹni tí a kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ni wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀. Ọwọ́ wọn mọ ohun tí ẹnu wọn kò tíì mọ̀. Mo bọlá fún ọwọ́ náà, mo sì kọ àlàyé ẹnu náà, mi ò rí ìdí tí ènìyàn kò fi lè ṣe méjèèjì.

Níbi tí a dé nìyẹn nígbà tí wolé-wolé wọ abúlé. Láyé àwọn baba wa, wolé-wolé ni ẹni tí ìjọba máa ń rán láti yẹ ìkòkò omi inú ilé wò. Bí ó bá bá tanwíji nínú rẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀fọn tó ń jó nínú omi, ilé ẹjọ́ ló kàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àsìkò tiwa kórìíra orúkọ náà, ṣùgbọ́n abúlé kò ní orúkọ mìíràn fún wọn. Ọmọ apá Ọ̀yọ́ ni ẹni tí wọ́n rán sí wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ gún, tó gun alùpùpù, tó sì fi ìgò omi kọ́ èjìká. Wọ́n pe gbogbo abúlé jọ síwájú ilé baálẹ̀, wọ́n gbé ìyá mi kékeré wá tòun ti àpótí rẹ̀, èmi sì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kí wọn dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́: “Kòkòrò ló wà nínú omi yín tó ń fa sòbìà. A ti mú oògùn tó ń pa kòkòrò wá. A ó dà á sínú odò, ẹ ó sì máa mu omi yín lọ.”

Mo mọ ohun tí wọ́n gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, òun kò mọ̀ ọ́n.

Ní abúlé kòkó, “oògùn tó ń pa kòkòrò” kì í ṣe àdììtú. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: oògùn inú agolo tí à ń pò mọ́ omi, tí à ń fi páǹpù ẹ̀yìn fọ́n sára kòkó, tí wọ́n ya agbárí sára agolo rẹ̀ kí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè kà á. Kò sí ọmọdé tí wọn kò tíì nà nítorí pé ó fọwọ́ kan agolo náà. Kò sì tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ kan da oògùn yẹn sí òkè odò láti fi pa ẹja. Ẹja léfòó, akàn léfòó. Ewúrẹ́ baálẹ̀ mu nínú omi náà, ó kú sí etí odò. Àwọn tó jẹ ẹja bì títí wọ́n fi ń bi omi ọbẹ̀dò.

Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin abúlé ti ní òfin kan. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí odò gé, tó di ọ̀gọ̀dọ̀, ẹni tó bá fẹ́ pọnmi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bu díẹ̀ sínú igbá kó sì wò ó. Bí ohun wẹ́wẹ́ bá ń ta pọ́ún pọ́ún nínú rẹ̀, omi náà yè, a lè mu ún. Bí ohunkóhun kò bá mira, ẹnìkan ti da nǹkan sí i. A ó gbé korobá òfìfo padà sílé. Òfin náà ti gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n àwọn ohun wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń wò láti mọ̀ pé omi yè, inú wọn gan-an ni ọmọ sòbìà ń gbé. Wọ́n ti fi òye gidi, òye tí kò ní àléébù, yan èyí tí yóò mú wọn dùbúlẹ̀.

Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó rọra bi í pé, “Ọmọ mi, ṣé ti inú agolo yẹn ni?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jẹ́ olóòótọ́ dé ibi tí kò yẹ. Ó ní, “Ó fẹ́ jọ ọ́, bàbá, ṣùgbọ́n èyí kò le tó ìyẹn.”

Obìnrin kan lẹ́yìn ní kí wọ́n kúkú fi iyọ̀ àti ata sí i. Ẹ̀rín gba ibẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín; ó ní àìmọ̀kan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, ó sì ṣí ìgò èjìká rẹ̀, ó mumi. Gbogbo ojú wà lára ìgò náà bó ti ń gbé e sókè tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

“Ó gbé omi tiẹ̀ wá,” ìyá mi kékeré ní, jẹ́jẹ́.

Baálẹ̀ dìde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, ó ní àwọn ti gbọ́, ó ní kí Ọlọ́run sọ́ ọ lójú ọ̀nà. Bí a ṣe ń lé ènìyàn ní ilẹ̀ wa nìyẹn.

Mo bá ọmọ náà nídìí alùpùpù rẹ̀. Inú ń bí i débi pé kò lè tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ wo irú àwọn ènìyàn tí wọ́n rán mi sí,” ó ní. “Mo sọ òótọ́ fún wọn, wọ́n kọ̀ ọ́.”

“O sọ fún wọn pé o fẹ́ fún wọn ní májèlé mu,” mo dá a lóhùn. “Wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n sì ṣe dáadáa. Èmi gan-an ì bá kọ̀ ọ́.”

“Kí ni kí n wá pè é? Kòkòrò ló wà nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa.”

Mo sọ fún un pé ìwé náà kò kúnjú òṣùwọ̀n. Kòkòrò ń jẹ ewé, kòkòrò ń jẹ àgbàdo, kòkòrò ń jẹ eyín; a sì tún wá gbé e lé ohun tí ojú kò lè rí, bí ìgbà tí a bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ọmọ tó wà ní àdúgbò. Àwọn tó gbọ́n díẹ̀ fi “àìfojúrí” kún un, wọ́n rò pé àwọn ti là á yé ènìyàn. Ta ni kò mọ àwọn tó ń jẹ́ àìfojúrí ní ilẹ̀ yìí? Ẹni tó bá ní kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣe ènìyàn ti gbé àìsàn kúrò nínú omi, ó ti gbé e lé ọwọ́ ẹ̀mí àti àwọn àgbà òru. Ó sì tún yà á lẹ́nu pé aláìsàn kò wá sí ọsibítù.

Ó tẹ́tí sí mi títí, ó wá ní, “Ṣé èdè ni sòbìà ń gbọ́ ni, Àǹtí?”

“Sòbìà kò gbọ́ èdè. Ẹni tó ń pọnmi ló ń gbọ́ ọ.”

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe alágídí. Ó ní òun yóò padà wá ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó sì ní kí èmi bá òun sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀ mí ní ohun kan. Sòbìà máa ń lo bí ọdún kan nínú ara kó tó yọ. Ẹni tó ti mu omi burúkú ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí ti ní i lára, kò sí oògùn tó lè pa á níbẹ̀. Yóò yọ ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, kódà bí a tilẹ̀ fi oògùn sí omi náà lónìí. Ó ní kí n má sọ ìyẹn fún wọn. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọn kò ní gbà. Kí a ṣáà sọ pé sòbìà ti tán.

Mo sọ fún un pé bí a bá sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí yóò bá yọ, oògùn wa ni wọn yóò sọ pé ó fà á, wọn kò sì ní gbà wá gbọ́ mọ́ títí ayé. Àti pé, kódà bí wọ́n bá ti ẹ̀ máa gbà wá gbọ́, irọ́ ni.

Ní Sátidé náà, èdè Ọ̀wọ̀ ni mo fi bá wọn sọ̀rọ̀, èdè tiwa tí a fi ń pe ọwọ́ ní ọghọ́, kò sì sí ìgbà kankan tí mo dárúkọ kòkòrò. Tanwíji ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní gbogbo wa la mọ̀ pé tanwíji kì í ṣe ẹ̀fọn, síbẹ̀ bó pẹ́ bó yá, ẹ̀fọn ni yóò dà. Mo ní sòbìà náà lọ́mọ. Bí orí rẹ̀ bá ti yọ lẹ́sẹ̀ ènìyàn, tí ẹni náà ki ẹsẹ̀ bọ omi nítorí pé ó ń gbóná, ibẹ̀ ló ń bímọ sí. Ohun wẹ́wẹ́ tó ń ta pọ́ún nínú omi a gbé ọmọ náà mì. Ènìyàn a wá gbé ohun wẹ́wẹ́ náà mu.

Mo ní kí wọ́n bu omi ọ̀gọ̀dọ̀ wá, mo na aṣọ asẹ́ funfun sẹ́nu ìkòkò, mo sẹ́ omi náà níwájú wọn. Nígbà tí mo gbé aṣọ náà sójú oòrùn, àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. Àwọn ohun wẹ́wẹ́ náà wà lórí rẹ̀, wọ́n ń mira.

“Àwọn tí à ń wò láti mọ̀ pé omi yè nìyí,” ọ̀kan nínú wọn ní.

“Àwọn gan-an ni,” mo ní.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbàlagbà kan, ọlọ́gbọ́n ẹnu, dá mi dúró. Ó ní ọ̀rọ̀ mi dùn, ṣùgbọ́n inú ara ni sòbìà ti ń wá, pé omi kàn lè jí i ni. Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò jí lára rẹ̀. Ó ní ìgbà tó bá wu sòbìà. Mo ní èmi yóò sọ ìgbà tèmi. Mo gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin ìlera náà ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò wo ojú rẹ̀. Mo sọ fún gbogbo abúlé pé ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, sòbìà yóò ṣì yọ, nítorí omi tí wọ́n ti mu ṣáájú ọjọ́ yẹn. Bí wọ́n bá ń sẹ́ omi, tí a bá fi oògùn sí ọ̀gọ̀dọ̀, tí ẹnikẹ́ni tí sòbìà mú kò sì ki ẹsẹ̀ bọ ibẹ̀, ti ẹ̀ẹ̀rùn tó bá tẹ̀lé ìyẹn kò ní yọ mọ́.

Ìyá mi kékeré ló dá mi lóhùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí àpótí. “Ìkórè tó ń bọ̀ ni àbúrò ọkọ mi ń dúró dè,” ó ní. “O wá sọ fún mi pé màá tún jókòó. Kí ni èrè rẹ̀?”

“Èrè rẹ̀ ni pé ẹ ti mọ̀ ọ́n,” mo ní.

Ó yíjú sí ọ̀nà oko rẹ̀.

Baálẹ̀ ní òun kò ní ìjà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó bá ní ìgbà, nítorí irọ́ kì í dá ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé oògùn wá àti ẹni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mu ún. A lọ sí ọ̀gọ̀dọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọn oògùn rẹ̀, ó dà á sí i, a dúró kó parẹ́ sínú omi. Wọ́n bu ú, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n gbé igbá lé mi lọ́wọ́. Mo ti ka ìwọ̀n oògùn náà, mo sì mọ̀ pé kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan. Mo mu ún bí mo ṣe ń mu omi nílé. Mo na ìyókù sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó bọ́ ìgò kúrò léjìká, ó gbé e kalẹ̀, ó sì mu igbá náà dé ìsàlẹ̀. Baálẹ̀ ní kí wọ́n bu tòun náà wá.

Láti òjò àkọ́rọ̀, tí ẹsẹ̀ ìyá mi kékeré ti jinná, ó bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí kò bá mi sọ. Ó wọ inú àáró. Àáró ni kí èmi bá ọ lọ sí oko rẹ lónìí, kí ìwọ náà lè bá mi lọ sí tèmi nígbà tí mo bá pè ọ́. Gbogbo òjò ọdún náà ni kò fi pe ẹnikẹ́ni. Ó ń bá wọn roko, ó ń bá wọn kọ ebè, ó ń bá wọn ṣán igbó, bí wọ́n bá sì ní kó wá dá ọjọ́ tirẹ̀, yóò ní kò tíì yá. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní obìnrin náà ti di lébìrà gbogbo abúlé.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, kòkó pọ́n, sòbìà yọ sí i lábẹ́ orúnkún ẹsẹ̀ kejì. Ó yọ sí àwọn mélòó kan náà lára. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn kan kò dá kíkí mi lóhùn dáadáa. Bàbá ọlọ́gbọ́n ẹnu náà wá síwájú ilé ìyá mi kékeré, ó ní ṣé òun kò sọ ọ́, pé inú ara ló wà.

Ìyá mi kékeré ń ká aràn náà mọ́ igi lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. “Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ ọ́,” ó ní. “Ẹ̀yin ní ìgbà tó bá wù ú ni yóò jí. Yunifásítì ló sọ ìgbà tó máa jí.”

Mo ti jókòó níwájú ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n láti ìgbà náà. Mi ò tíì gbọ́ ẹni tó sọ ìyàtọ̀ láàárín ìmọ̀ àti ìrọ̀rí ní ọ̀rọ̀ tó ṣe kúkúrú tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó wá pe àáró, gbogbo wọn ló jáde. Wọ́n ká kòkó rẹ̀, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, wọ́n sì sá a. Òun jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ki ẹsẹ̀ bọ abọ́ omi tútù. Bí omi náà bá gbóná, yóò ní kí wọ́n dà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́yìn ilé, jìnnà sí ọ̀gọ̀dọ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kó àgbà méjì nínú ẹbí lẹ́yìn, wọ́n gba oko lọ láìkọ́kọ́ yà sílé, kí wọ́n lè fojú rí kòkó tó rà lórí igi. Òkìtì èèpo kòkó ni wọ́n bá, àti igi tí a ti ká mọ́ tónítóní. Wọ́n wá kí i nígbà tí wọ́n ń padà. Wọ́n béèrè ẹsẹ̀. Wọn kò mẹ́nu kan oko, wọn kò sì tún mẹ́nu kàn án mọ́.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé èyí, sòbìà kò yọ sí ẹnikẹ́ni lára ní abúlé náà. Mo débẹ̀ ní Sátidé kan, mo bá ìyá mi kékeré tó ń jáde lọ sóko, agbọ̀n lórí, àdá lọ́wọ́. Mo kí i, mo sì bi í lójú ẹsẹ̀ pé ṣé ó ti wá gbà báyìí pé sòbìà kì í gbé inú ara ènìyàn.

“Ó ń gbé ibẹ̀,” ó ní. “Ó ń sùn ni. Omi tó mọ́ ni kò jẹ́ kó jí.”

Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mo sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé kò sí i níbẹ̀ rárá, pé ẹni tó bá rò pé ó ń sùn yóò gbàgbé aṣọ asẹ́ sílé lọ́jọ́ kan, yóò ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè jí i.

“Mo ń sẹ́ omi mi, àbí mi ò sẹ́ ẹ? Kí ló tún kù tí ò ń fẹ́?”

“Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí ẹ fi ń sẹ́ ẹ.”

“Ìdí kì í ká kòkó,” ó ní. “Bí o bá fẹ́ bá mi jà, máa bọ̀. Mi ò lè dúró.”

Ó ti ń lọ. Mo bọ́ bàtà ìgboro mi sọ́wọ́, mo sì tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá débi pé bí mo bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dé etí rẹ̀, àfi kí n máa sáré, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń jiyàn wọ inú kòkó lọ, èmi ń mí hẹlẹ, òun kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.